Àkànní, Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání?

Àkànní, jókòó. Kọ́kọ́ jókòó ná. Gbé báàgì yẹn kúrò léjìká. Ẹ̀kọ tútù wà nínú abọ́ yẹn, mọ́ínmọ́ín rẹ ṣì gbóná. Láti ìgbà tí o ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà lo ti ń pè mí pé o ní ohun kan tí o fẹ́ fi hàn mí. Mo rò pé ìyàwó ni. Mo tilẹ̀ ti pààrọ̀ gèlè. Àṣé háàdì díráìfù ni.

Ó dáa, mo ti rí i. Ó rẹwà, ó pẹlẹbẹ bí ìwé àdúrà. O ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo ti wọ awò ojú mi, mo ti kà á: AES, 256, ààbò tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn nínú láti ilé iṣẹ́. O wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílé. O ní, "Àǹtí mi, kò sí olè tó lè rí iṣẹ́ mi wò mọ́."

Mo gbọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Àwòrán ìgbéyàwó méjìlélógún tí o kó sínú rẹ̀, ibo ni ẹ̀dà kejì wà?

Má wo òrùlé. Kò sí ìdáhùn lórí òrùlé mi.

O ní o ti pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Háà, Àkànní! Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n! Ìwọ náà lo sọ fún mi pé bàbá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó yẹn ti papò dà. Àwòrán ibi tó ti gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, tó ń ṣàdúrà fún un, inú nǹkan pẹlẹbẹ yìí nìkan ló kù sí láyé. Ìwọ sì jù ú sínú báàgì pẹ̀lú ìgò omi, o wọ danfo, o wọ rélùwéè, o ń rẹ́rìn-ín.

Jẹun. Mi ò bínú. Ohùn mi ló ń ròkè.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú àkísà mi hàn ọ́. O mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá níbẹ̀. Mo lo dísíkì pẹlẹbẹ tí kò gbà ju 1.44 MB lọ, mo lo CD, mo lo fláàṣì. Nígbà tí díráìfù alágbèéká dé, mo ra ọ̀kan. Má bi mí pé ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lára páálí tiẹ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ pé ó ní ààbò nínú. Mi ò kọbi ara sí i. Mi ò fi páásíwọ́ọ̀dù kankan sí i. Mo ń kó iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀, mo ń lọ sílé lọ sùn.

Lọ́jọ́ kan, ní àsìkò tí àwọn ọmọ ń sáré àtifi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnìkan fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà rẹ̀. Díráìfù náà kò jábọ́ o. Ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ ló kán, bọ́ọ̀dù kékeré tó wà nídìí rẹ̀ sì jó. Mo ní èyí ò tó ẹkún. Mo gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin tó bá mi tú u yọ díráìfù tó wà nínú, ó fi wáyà mìíràn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, ó ń dún jẹ́jẹ́, ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan kà. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ tì í ni?" Mo ní mi ò tì í. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin ò tì í lóòótọ́. Òun ló ti ara rẹ̀."

Òru mẹ́ta ni mo fi tún iṣẹ́ àwọn tó ní ẹ̀dà orí ìwé tẹ̀, ọ̀fẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn mi. Ọmọ kan wà tí kò ní ẹ̀dà kankan. Kò sọ̀rọ̀ sí mi. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣì ń rí i.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá ọ jó sí páálí rẹ.

Wàá bi mí pé báwo ni nǹkan ṣe ń ti ara rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ kéré, tí a bá fẹ́ sọ ohun tí ìyá wa ò gbọdọ̀ gbọ́, ẹnà la fi ń sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ pé "mo fẹ́ lọ", màá ní "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ẹni tó mọ òfin ẹnà gbọ́ ọ̀rọ̀; lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, à ń ké bí ẹyẹ ni. Ìyá wa tẹ́tí sí wa fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi ẹnà dá wa lóhùn láti ilé ìdáná pé ẹni tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ kó jáde wá. Ẹnà tiwa ò lágbára, nítorí pé òfin rẹ̀ ni àṣírí rẹ̀. Bí òfin bá ti tú, gbogbo rẹ̀ tú.

AES tí wọ́n kọ sára páálí rẹ jẹ́ ẹnà tí òfin rẹ̀ wà ní gbangba. Àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló gbé e kalẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 2001. Ẹnikẹ́ni lè ka bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni àṣírí. 256 tí o rí níbẹ̀, gígùn kọ́kọ́rọ́ ni. Bí o bá fẹ́ kọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe sílẹ̀, nọ́ńbà tó ní dígíìtì 78 ni wàá kọ. Olè kankan ò ní jókòó máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹnà inú díráìfù rẹ le. Ọ̀rọ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́: ta ló mú un dání?

Nínú ọ̀pọ̀ irú díráìfù yìí, ṣíìpù kékeré kan ló jókòó láàárín wáyà àti ibi tí nǹkan ń wọ̀ sí. Gbogbo ohun tó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ di ẹnà, gbogbo ohun tó bá ń jáde bọ̀ ló ń tú padà. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò dúró de páásíwọ́ọ̀dù rẹ. Kọ́kọ́rọ́ ẹnà gan-an wà lọ́dọ̀ òun. Páásíwọ́ọ̀dù tí ìwọ bá fi sí i kàn ń ti àpótí tí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí bọ́ọ̀dù tèmi jó, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́run. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ lódindi, kò kàn sí ẹni tó gbọ́ ẹnà náà mọ́.

Dákẹ́ ná, ìdajì rẹ̀ lo tíì gbọ́. Ìwọ náà, páásíwọ́ọ̀dù wo lo fi sí tìrẹ?

O ò fi nǹkan kan sí i. O rò pé ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Àkànní, bí o kò bá fi páásíwọ́ọ̀dù sí i, ṣíìpù yẹn á máa túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ìbáà ṣe ìwọ, ìbáà ṣe ọmọ ìta. O ra àgádágodo, o fi í há ẹnu ọ̀nà, o sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sára rẹ̀. Olè á wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ṣíìpù bá jó, ìwọ tí o ni ín ni ilẹ̀kùn máa tì mọ́ ìta. Ìyà méjì, èrè kankan kò sí.

Rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín ara mi rí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lè rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Mi ò sọ pé ààbò inú díráìfù ò wúlò o. Kì í fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, nítorí pé ṣíìpù tirẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ní bọ́tìnì nọ́ńbà lára bíi fóònù àtijọ́. Ara díráìfù fúnra rẹ̀ ni wàá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ, kò ní gba orí kọ̀ǹpútà kọjá rárá, ó sì lè ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Bí ẹni tí kò mọ nọ́ńbà bá ń gbìyànjú léraléra, á pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́. Bí o bá sì fẹ́ tà á, o ò ní í máa nu gbogbo rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́, ohun tó kù nínú rẹ̀ ti di ariwo ẹyẹ. Lọ́yà tó ń gbé ìwé ẹjọ́ kiri, dókítà tó ń gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn láti ọsibítù kan dé òmíràn, irú wọn ló yẹ. Kí wọ́n wo bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí FIPS 140 ti ìjọba Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì múra owó sílẹ̀, nítorí pé ó wọ́n ju ti lásán lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́, á jẹ́ pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Radboud ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, Carlo Meijer àti Bernard van Gastel, tú àwọn díráìfù SSD kan wò, ti Crucial àti ti Samsung. Samsung T3 àti T5 tí ẹ̀yin onífọ́tò ń gbé kiri wà lára wọn. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Nínú díẹ̀ nínú àwọn SSD náà, páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ni ín yàn kò so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹnà rárá. Ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi ọ́ ní páásíwọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ti ẹ̀ṣọ́ sápá kan ti wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹnà AES kò lanu, ògiri tí wọ́n mọ yí i ká ló lanu.

Ibi tó ti kan àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìyí: BitLocker, ètò inú Windows tó ń fi ẹnà ti díráìfù, nígbà yẹn, bí díráìfù bá sọ fún un pé òun ní ààbò tòun, á ní "Ó dáa, máa ṣe é lọ", òun á wá jókòó. Lẹ́yìn ìwádìí yẹn, ní 2019, Microsoft yí i padà kí BitLocker máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti díráìfù tuntun. Bí àwọn tó ṣe Windows ò bá fọkàn tán ọ̀rọ̀ ẹnu díráìfù mọ́, èmi ìyá arúgbó Agbowó ni kí n fọkàn tán an?

O ní kí n má dẹ́rù bà ọ́. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ná: ta lo ń sá fún? Bóyá ni olè Ọ̀jọ́ta tó bá fa báàgì rẹ já mọ̀ pé Radboud wà láyé. Ó fẹ́ ta díráìfù ni. Páásíwọ́ọ̀dù tó dáa tó fún un. Ó sì yẹ kí o ti í, n ò sọ pé kí o má ti í. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni. Orúkọ oníbàárà rẹ, nọ́ńbà fóònù wọn, àdírẹ́sì ilé wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fóldà rẹ pẹ̀lú àwòrán ọmọ wọn. Ọmọlúàbí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ ní gbangba.

Àmọ́ àwọn ọ̀tá rẹ mìíràn kì í ṣe olè. Ìgò omi inú báàgì rẹ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí díráìfù lè já sí wà níbẹ̀. Ìgbàgbé wà níbẹ̀, òun ló sì burú jù. Ọkùnrin kan wà ní San Francisco, Stefan Thomas, tí New York Times ròyìn rẹ̀ ní 2021. Ó kó kọ́kọ́rọ́ owó orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bitcoin 7,002, sínú fláàṣì IronKey kan tó ní ààbò nínú. Ìgbà mẹ́wàá péré ni fláàṣì náà gba ẹni láyè láti ṣì páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn èyí ó parí. Ìwé tó kọ páásíwọ́ọ̀dù sí ti sọnù. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, ó ti lo mẹ́jọ. Àgádágodo náà kò bàjẹ́ o, iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an ló ń jẹ́. Kò mọ̀ pé onílé ló dúró níta.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Fi mọ́ínmọ́ín yẹn sílẹ̀ kí o tẹ́tí sí mi.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Owó tí o fẹ́ fi ra díráìfù olówó gọbọi oníbọ́tìnì tí o ń fi hàn mí lórí fóònù, fi ra díráìfù lásán méjì. Má rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi ẹnà sí wọn, pẹ̀lú ètò orí kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ ara díráìfù kankan. Windows Pro ní BitLocker. Windows Home lè ṣí ohun tí BitLocker ti tì, ṣùgbọ́n kò lè tì í. Mac ní tirẹ̀ náà. VeraCrypt, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀dù bá jó, tí ara díráìfù sì le, wọ́n lè so ó mọ́ ibòmíràn, ìwọ á tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ, á ṣí. Kọ́kọ́rọ́ kò bá àpótí kú.

BitLocker á fún ọ ní nọ́ńbà ìgbàpadà kan, dígíìtì 48. Kọ ọ́ sórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé, pẹ̀lú bíírò. Má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù tí wọ́n lè jí pẹ̀lú báàgì kan náà. Má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara díráìfù, nítorí mo mọ̀ ọ́.

Ní ti ara díráìfù fúnra rẹ̀: èyí tí o fẹ́ máa gbé lọ sóde àríyá, SSD ni kó jẹ́. Kò ní àwo tó ń yí nínú, kò sì kó jìnnìjìnnì bá ni bó bá já bọ́. Èyí tí yóò jókòó sílé, irú alàwo tó ń yí dáa, àyè rẹ̀ pọ̀ lówó pọ́ọ́kú; má sáà gbé e nígbà tó bá ń yí. Ra kékeré tó ń gba iná láti inú wáyà USB. Ńlá tó ń fẹ́ iná ògiri, ìwọ àti NEPA lẹ jọ máa ni ín. Bí wọ́n bá kọ 1 TB sí i tí Windows fi 931 GB hàn ọ́, má lọ bá ẹni tó tà á jà, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kà á ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi 16 TB lọ̀ ọ́ ní owó ẹran Iléyá ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, sá. Káàdì mẹ́mórì kékeré ti fóònù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú páálí, wọ́n sì kọ́ ọ ní irọ́. Ètò kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Á kó nǹkan kún díráìfù náà dé ẹnu, á wá kà á padà. Ṣe é kí o tó kó àwòrán ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

Èyí tí o rà yìí ńkọ́? Má sọ ọ́ nù. Lónìí, kí o tó sùn, gba kọ̀ǹpútà mi, da àwòrán ìgbéyàwó méjèèjìlélógún yẹn sínú díráìfù tí mo fi ń pa orin Ẹgbẹ́ Akọrin mọ́. Àyè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni o ó tó fi páásíwọ́ọ̀dù sí tìrẹ.

Bí o bá wá ra méjèèjì, ọ̀kan máa wà lọ́dọ̀ rẹ ní Ṣómólú. Gbé ìkejì wá síbí. Inú àpótí aṣọ òkè mi ni màá gbé e sí, lábẹ́ sányán ìyá mi, kò sí ẹni tó ń débẹ̀. Ìwé tó ní dígíìtì 48, fún ìyá rẹ. Má sọ páásíwọ́ọ̀dù fún mi, má sì fi díráìfù sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Èmi ní àpótí, òun ní kọ́kọ́rọ́, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré nìyẹn. Èmi ni mo máa ń di ẹran mú, òun ló máa ń mọ ibi tí ọ̀bẹ wà.

Iṣẹ́ tuntun á sì máa wọlé, Ọlọ́run á jẹ́ kó máa wọlé. Ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ mi kò gbọdọ̀ di ti àná. Nítorí náà, ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni wàá máa wọ ọkọ̀ wá láti Èkó, kí o wá fi ti oṣù náà kún un. O ní o lè máa fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́? Íntánẹ́ẹ̀tì ò jẹ mọ́ínmọ́ín.

Bu ẹ̀kọ kan sí i. Bí o bá sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tí o bá tún pè mí láti Mọ́níyà pé o ní ohun kan tí o fẹ́ fi hàn mí, kí ó ní ẹsẹ̀ méjì, kí ó sì lè kúnlẹ̀ kí mi.